Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tó ń kọ fíìmù Yorùbá: owó ò dúró de babaláwo kó tó ba èèyàn jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn, ẹ̀yin tó ń fi owó yín gbé e jáde, ẹ̀yin dáírẹ́kítọ̀ àtẹ̀yin òṣèré, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ojú lọ́nà owó tí ò tètè wọlé. Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Òǹwòran yín ni mí, fíìmù yín la fi ń jẹun alẹ́ nílé wa, tí NEPA bá mú iná lọ orí fóònù la máa ń parí ẹ̀ sí, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnu mi mú díẹ̀ níwájú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ti ìfẹ́ gbé e.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní ò pọ̀. Nínú fíìmù wa, ẹni tó bá lówó lójijì ti di dandan kó ti wọ inú igbó kan lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọ̀rẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá aláṣọ pupa, bàbá yẹn rẹ́rìn-ín burúkú, wọ́n ní kó mú ìyá ẹ̀ wá tàbí ọmọ tó fẹ́ràn jù, ó sunkún díẹ̀, ó gbà, owó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde látinú igbá, mọ́tò dé, ilé alájà dé, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lóru, ó ya wèrè láàárín ọjà, ó jẹ́wọ́, ó parí. Mi ò sọ pé irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ ò sí o, à ń gbọ́ ìròyìn, ẹ̀rù ń ba gbogbo òbí. Ohun tó ń dùn mí ni pé fíìmù yẹn máa ń jẹ́ ká bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo àwa tá a jókòó sí páálọ̀. Ẹni tó ń wò ó ò gé orí ẹnikẹ́ni rí, kò mọ ọ̀nà ilé oníṣègùn kankan, torí náà ọ̀rọ̀ ò kàn án, ó wò ó tán, ó pòṣé sí ọ̀daràn yẹn, ó lọ sùn bí ẹni mímọ́, bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ó ti dojú fóònù délẹ̀ nígbà tí àbúrò màmá ẹ̀ ń pè torí ó mọ̀ pé owó ilé ìwòsàn ló fẹ́ tọrọ.

Àwọn tó kọ ìtàn àròsọ láyé àtijọ́ ò jẹ́ kí olùkàwé sá báyẹn. Ẹ jẹ́ n fi ìwé kan hàn yín. McTeague lorúkọ ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Norris ló kọ ọ́, ọdún 1899 ló jáde, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Owó tó wà nínú ìwé yẹn mọ́ tónítóní. Trina, ọmọbìnrin kan tí eyín ẹ̀ kán, lọ ṣe eyín lọ́dọ̀ McTeague tó ń ṣe iṣẹ́ eyín ní Polk Street nílùú San Francisco, ibẹ̀ ló ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ní dọ́là kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé náà, bóyá kí ìyẹn ṣáà lè fi í lọ́rùn sílẹ̀ ni. Nígbà tó yá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ 5,000 dọ́là. Kò jalè, kò pààyàn, kò tiẹ̀ gbààwẹ̀ sí i. Ìgbà tí owó fi máa dé, McTeague ti ní òun máa fẹ́ ẹ, òun náà ti gbà, nítorí náà a ò lè sọ pé ọkùnrin yẹn tìtorí owó wá. Gìrìwò èèyàn kan báyìí ni, ọpọlọ ẹ̀ ò yá, àmọ́ kò níkà nínú. Ohun tó ń wá láyé ò ju pé kó ní eyín ńlá kan tí wọ́n fi wúrà kùn tó máa so síta fèrèsé ẹ̀ bíi sáìnbọ́ọ̀dù, kó mu bíà ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó fa dùùrù kékeré tó ní, kí ẹyẹ tó ń sìn nínú àgò máa kọrin létí ẹ̀. Ta ni nínú wa tí ò ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀?

Owó yẹn ò tíì gbóná lọ́wọ́ tí ọ̀rẹ́ ti di ọ̀tá. Marcus, ọ̀rẹ́ McTeague tímọ́tímọ́, ló ń fẹ́ Trina tẹ́lẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló yọ̀ǹda ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó tiẹ̀ ń fi fọ́nnu pé irú òun ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ tí lọ́tìrì jẹ ni gbogbo ìwà ọmọlúàbí yẹn gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro 5,000 yẹn bí owó tí wọ́n yọ lápò òun nígbà tóun ń sùn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ju ọ̀bẹ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé ọtí. Nígbà tó yá, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú pé McTeague ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ eyín mọ́ torí kò ní sáfíkéètì, òótọ́ ni, kò ní, ọwọ́ ẹnì kan tó ń kiri ìlú yọ eyín ló ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó mọ àṣírí yẹn tó sì lè tú u ò ju Marcus lọ.

Ẹ wá wo Trina. Àwọn tó ń lówó òjijì nínú fíìmù tiwa, ṣe ni wọ́n máa ń ná an: wọ́n á nọ́wó lágbo, wọ́n á ra mọ́tò, wọ́n á kó obìnrin jọ. Trina ò ná kọ́bọ̀. Ó kó owó yẹn fún ẹbí ẹ̀ kan tó ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé ní ọlọ́pọ̀, ìyẹn ń fún un ní 25 dọ́là lóṣooṣù bí èlé, òun náà ń gbẹ́ igi sí ẹranko inú ọkọ̀ Nóà, ó ń kun ún, ó ń tà. Obìnrin tó mọ nǹkan í ṣe, àbí? Ìyá èyíkéyìí á fẹ́ irú ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó sínú àpótí, lábẹ́ aṣọ, díẹ̀ nínú agolo ìṣáná tí wọ́n fi idẹ ṣe, èyí tó kù nínú àpò awọ. Tí ọkọ ẹ̀ bá ti jáde, á ti ilẹ̀kùn, á da owó wúrà yẹn sílẹ̀, á fi ọṣẹ àti eérú nù ún títí á fi máa dán, á kà á, á tún kà á.

Ojú kan wà nínú ìwé yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. McTeague ti pàdánù iṣẹ́ eyín, ó wá iṣẹ́ ọwọ́ kan, wọ́n tún dá a dúró níbẹ̀. Ó délé láàárín ọjọ́. Trina gba owó iṣẹ́ tí wọ́n san fún un, ó gbà á pátá, ó wá ní kó má jókòó, kó padà síta lọ wá iṣẹ́ mìíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ọkọ ní kó fún òun ní sẹ́ǹtì 5 kóun lè fi wọ ọkọ̀ tí òjò bá dé. Sẹ́ǹtì 5 o. Trina bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, pé ọkùnrin ńlá bíi tiẹ̀ ṣé kò lè fẹsẹ̀ rìn ni, pé òjò ò ní rọ̀, pé ìrìn dáa fún ara. Òjò rọ̀. Ó lu ọkùnrin yẹn títí omi fi ń jò lára ẹ̀, ojúlùmọ̀ ẹ̀ kan rí i, àánú ṣe é, ó fà á wọ ilé ọtí, ó ra wisikí fún un kí ara ẹ̀ lè móoru. McTeague tí bíà nìkan ń bá lára mu. Wisikí yẹn ò jẹ́ kó yó bí àwọn yòókù ṣe ń yó, ìkà ló ń sọ ọ́ dà, láti ọjọ́ yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìyàwó, tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ á ki ọmọ ìka ẹ̀ bọ ẹnu, á gé e jẹ.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí igbá, kò sí aṣọ pupa, kò sí ẹbọra kankan. Owó ọkọ̀ tí ìyàwó fi dun ọkọ ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó kù. Ẹni tó bá ti gbé nínú ilé tí wọ́n ti ń ka ẹran inú ọbẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n tún wá kà á láàárọ̀, ẹ ò ní ṣàlàyé ojú yẹn fún un, ara ẹ̀ á ti bù máṣọ. Ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń kà á!

Ìyókù ìtàn yẹn burú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìka Trina rà, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ jí owó inú àpótí, ó sá lọ. Trina wá gba gbogbo 5,000 yẹn padà lọ́wọ́ ẹbí ẹ̀, ní wúrà, kì í ṣe kó lè ná an, ó kàn fẹ́ máa fọwọ́ kàn án ni, ó máa ń dà á sórí bẹ́ẹ̀dì kó sùn lé e lórí. Ìgbà tí ọkọ padà wá pé òun ò rí jẹ, ó kọ̀ ọ́. Ọkọ lù ú pa, ó gbé owó, ó sá wọ aṣálẹ̀ Death Valley ní California, Marcus sì tọpasẹ̀ ẹ̀ débẹ̀. Ìbaaka tó gbé omi wọn sá, wọ́n yìnbọn pa á, omi dà nù. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ò ní jáde níbẹ̀ láàyè. Wọ́n ti fẹ́ jọ máa lọ, ni Marcus bá tún bèèrè pé ta ló ni owó tó wà lẹ́yìn ìbaaka yẹn. Wọ́n tún jà! Owó tí ò lè ra kọ́ọ̀bù omi kan. McTeague pa á, ìgbà tó máa dìde ló rí i pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀ kó tó kú.

Ẹ̀yin onífíìmù, ẹ má rò pé irú ìtàn báyìí ò ṣeé yà. Dáírẹ́kítọ̀ kan tó ń jẹ́ Erich von Stroheim yà á, ó pe fíìmù yẹn ní Greed, 1924 ló jáde, ó kó àwọn òṣèré lọ sínú Death Valley gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ooru tó ń pààyàn. Èyí tó kọ́kọ́ gé ju wákàtí méje lọ dáadáa, iléeṣẹ́ tó ni fíìmù ò gbà, wọ́n gé e kù sí wákàtí méjì àti díẹ̀, èyí tí wọ́n gé dànù sì sọ nù di òní. Fíìmù lórí ọ̀kánjúà, àwọn tó ń ṣírò èrè ló fi àdá bẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń mi orí báyìí torí tiyín náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún 1899 yẹn náà ni Mark Twain, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, gbé ìtàn ìlú Hadleyburg jáde, lójú tèmi ó le ju ti Norris lọ, torí àwa ẹlẹ́sìn, àwa ará àdúgbò olórúkọ rere, ló ń bá wí. Ìlú yìí ń yangàn pé kò sí olóòótọ́ bíi tàwọn. Àlejò kan tí wọ́n ṣẹ̀ gbé àpò kan sílé Edward Richards àti ìyàwó ẹ̀ lóru, ó ní wúrà tó tó 40,000 dọ́là ló wà níbẹ̀, pé ti ẹnì kan nínú ìlú yìí ni, ẹni tó fún òun ní 20 dọ́là àti ọ̀rọ̀ ìyànjú nígbà tójú ń pọ́n òun, ẹni tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú yẹn ló ni ín. Àwọn olóyè ìlú mọ́kàndínlógún wá gba lẹ́tà, kálukú ní kọ̀rọ̀, lẹ́tà kan náà: ẹni tó ṣe oore yẹn ti kú, Goodson lorúkọ ẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ pé ìwọ lo ṣe é lóore kan nígbà kan, ìwọ ló yẹ kó jogún ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyànjú yẹn rèé.

Ibi tí Twain ti mú mi ni òru ọjọ́ tí Richards dùbúlẹ̀ tó ń wá oore tóun ṣe fún Goodson. Kò rí ọ̀kankan. Kò wá sọ pé kò sí, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri inú orí ẹ̀. Bóyá òun gba ọkàn ẹ̀ là ni? Rárá. Bóyá dúkìá ẹ̀? Ó tì. Ẹ̀mí ẹ̀ ńkọ́? Hẹn-ẹn, ẹ̀mí ẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i kedere: Goodson ń rì sómi, òun lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, òun ń wọ́ ọ bọ̀ létí odò, èrò ń pariwo. Ó dùn títí, àfi ìgbà tó rántí pé gbogbo ìlú ò bá ti mọ̀, ó tún wá rántí pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín yẹn wá gbẹ lẹ́nu mi, torí báyẹn gan-an ni èèyàn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń pín ogún: ọmọ tí ò wá wo bàbá fún ọdún gbọọrọ á kàn rántí lójijì pé òun lòun ra bàtà tí bàbá wọ̀ kẹ́yìn.

Lóru yẹn, ilé mọ́kàndínlógún làwọn tọkọtaya ti ń ná owó tí wọn ò tíì rí, nígbà tó yá àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀, ra ẹṣin, ra aṣọ láwìn. Ọjọ́ ìpàdé dé, gbogbo ìlú péjọ, Burgess, pásítọ̀ tó ń darí ìpàdé náà, ń ka ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀, ni àwọn èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Méjìdínlógún ni wọ́n kà. Burgess mú ti Richards pamọ́, ó fi san oore kan tí Richards ṣe fún un nígbà kan. Gbogbo gbọ̀ngàn wá ń pariwo orúkọ Richards pé òun nìkan ni olóòótọ́ tó kù, Richards jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ ọ, kò sọ̀rọ̀. Inú àpò yẹn sì rèé, òjé ni, wọ́n fi wúrà kùn ún lójú. Kò sí owó kankan níbẹ̀ rí.

Ṣé ẹ ti ṣe fíìmù tó ní irú ìjókòó yẹn rí? Ọkùnrin kan tí wọ́n ń yìn, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tí ò dìde. Ẹ ò nílò kí mànàmáná kọ.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde kí ọ̀rọ̀ tó dun èèyàn. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé Great Expectations láàárín 1860 sí 1861, Pip ọmọ abúlé rí olówó kan tó ń tọ́jú ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó dèrò London, ó di bọ̀rọ̀kìnní. Joe alágbẹ̀dẹ tó tọ́ ọ dàgbà ń bọ̀ wá kí i. Pip fẹnu ara ẹ̀ sọ pé bóun bá lè sanwó kó má wá, òun ò bá san án. Joe dé, fìlà ẹ̀ ń já bọ́ ṣáá nídìí àga ìjẹun, ó ń pe ọmọ tó gbé jó lórúnkún ní "sà". Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ ti abúlé wá kí nínú ẹ̀sítéètì, tó wá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé géétímáànù ni, ẹ lọ bi í léèrè bóyá kò dà bí ẹjọ́ ìpànìyàn.

Ẹ lè sọ pé ìtàn òyìnbó nìyẹn. Kí ló wá dé tí Ìjàpá tiwa ò fi lọ ṣe oògùn owó kó tó ya ọ̀kánjúà? Ẹ rántí àsèjẹ Yánníbo. Nínú àlọ́ yẹn babaláwo lẹni tó dáa, ó se nǹkan fún obìnrin tó ń wá ọmọ, ó kìlọ̀ dáadáa pé kí Ìjàpá má fẹnu kàn án. Ọ̀fun Ìjàpá ló ṣẹ̀, òun ló sì wú níkùn. Àwọn bàbá wa mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà, ẹ̀yin lẹ wá lọ gbé e fún babaláwo. (Mo mọ àwọn babaláwo kan tí ìyẹn ń bí nínú gan-an, wọn ò sì jẹ̀bi.)

Ẹ tún máa sọ pé fíìmù tí ò ní oògùn kì í tà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí ò nílò ejò tó ń pọ owó, kò nílò kọ̀ǹpútà tó máa mú iná jáde lójú bàbá arúgbó, ẹ ò ní háyà mọ́tò ńlá. Ẹ fi owó ilẹ̀ ṣe é. Ẹbí kan ta oko bàbá wọn fáwọn tó ń kọ́lé, owó mímọ́, ìwé pé, gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin jẹ́ èèyàn dáadáa tòótọ́, ẹni tó ti ń sanwó ilé-ìwé àwọn àbúrò látẹ̀yìn wá. Kí owó wọ àkáǹtì ẹ̀. Kí àbúrò ẹ̀ obìnrin pè é lọ́jọ́ kejì, kí òun sì ní "mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn báǹkì ṣe tiwọn tán ná," nígbà tó jẹ́ pé báǹkì ti ṣe tiwọn tán láti àná. Kó tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lóru pé obìnrin yẹn ti lọ sílé ọkọ, kí ló fẹ́ fi owó ṣe gan-an. Ẹ má jẹ́ kó burú kíákíá. Ẹ jẹ́ ká fẹ́ràn ẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù fún wa láti bínú sí i. Tọkọtaya kan, páálọ̀ kan, fóònù kan tó ń dún tẹ́nì kan ò gbé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òjò, Ọlọ́run ń rọ̀ ọ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti April títí dé October.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kó wá, màá bá a jókòó, màá sọ ìtàn McTeague yẹn fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ tó bá wá pawó, ká jọ sọ̀rọ̀ o.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹwòran yín tí kì í fi fíìmù sílẹ̀ ní ìdajì